Ẹyọ Ataare Méje Lẹ́nu Túnráyọ̀

Edé àti pańla ni èmi ń tà ní tèmi. N kì í ṣe oníṣègùn, baba mi náà kì í ṣe oníṣègùn. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà máa wò mí ní ìwòkuwò tí mo bá sọ ohun tí mo fẹ́ sọ tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ Túnráyọ̀ ni mo jókòó sí láti ọjà àtijọ́ títí wọ́n fi kó wa wá sí ọjà Bódìjà, ohun tí ojú mi rí àti ohun tí etí mi gbọ́, kò sí ẹni tó lè bá mi jiyàn rẹ̀. Ẹgbẹ́ ni èmi àti Túnráyọ̀, ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, nítorí náà tí ẹ bá gbọ́ tí mo ń pè é ní "ó", kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́.

Èlò ọbẹ̀ ló ń tà: ìyèré, èèrù, kànáfùrù, atalẹ̀ gbígbẹ. Àmọ́ ataare ló gba iwájú àtẹ. Tí obìnrin kan bá fẹ́ se ọbẹ̀ ata fún ìyá ìkókó, á dúró gbangba, á fi ariwo ná ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí ẹni tó rọra yọ́ wá, tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó wá ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Màmá, ẹ bá mi wá olódidi kan," ẹ mọ̀ pé ti ìkòkò ọbẹ̀ kọ́ nìyẹn. Awakọ̀ tó ń na ọ̀nà Èkó máa ń wá. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò bá sọ̀rọ̀ mọ́ máa ń wá. Ọmọ Yunifásítì kan wá láti Agbowó lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ lọ ṣe ìdánwò àfẹnuṣe, òun sì fẹ́ kí ohun tí òun bá sọ wọ àwọn ọ̀gá létí. Túnráyọ̀ bi í pé ṣé ó kàwé. Ọmọ náà ń wolẹ̀. Túnráyọ̀ ní, "Lọ kàwé, ọmọ mi. Ataare kì í kọ́ òpè ní ohun tí yóò sọ." Ó sì tún tà á fún un náà.

Ohun tí ó máa ń sọ ni pé ataare fúnra rẹ̀ kò mọ ire, kò mọ ibi. Ẹnu tó bá jẹ ẹ́ ló ń rán an níṣẹ́. Obìnrin á ka ẹyọ méje, ọkùnrin á ka mẹ́sàn-án, wọn á rún un, ohun tí wọ́n bá sì fi ẹnu gbígbóná yẹn sọ kò ní dúró lọ́nà. Ìdí nìyẹn tó fi ní òfin kan tí gbogbo ìsọ̀ wa mọ̀. Ikọ́ máa ń dà á láàmú nígbà ọyẹ́, ataare ló sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Ẹyọ mẹ́fà péré ló ń jẹ, kó má baà pé méje. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà lẹ́nu rẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀. Ẹ kí i, kò ní dáhùn. Á na àtẹ́lẹwọ́ òsì sókè, èmi ni mo máa bá a sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ ní sùúrù, ata wà lẹ́nu rẹ̀." Ó di ìgbà tó bá tu ú dànù, tó fi omi yọ ẹnu, kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní tí iná bá ràn mọ́ mi láṣọ, ọwọ́ ni yóò máa nà sí mi títí n ó fi jóná tán.

Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ló ti kọ́ òwò náà, ní Àpáta. Akínbíyì ọkọ rẹ̀, bíríkìlà ni, ó ti kú kí àwa méjèèjì tó mọra. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, Ọmọ́bọ́láńlé. Ataare àti ìyèré ni Túnráyọ̀ fi rán an níwèé, títí ọmọ náà fi di òǹtẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Dúgbẹ̀. Kò sí ohun tí obìnrin yìí ní láyé ju ọmọ náà lọ, kì í sì í fi pamọ́. Tó bá ti rí i tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, á ti máa gbọn àga tí yóò jókòó sí.

Ọmọ́bọ́láńlé wá fẹ́ Theophilus, tíṣà kan tó ń jọ́sìn ní ìjọ Aládùúrà kan lápá Ẹlẹ́yẹlé. Ọmọlúàbí ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, àfi pé ohun gbogbo tí kò bá ti yé e, ti Sàtánì ni. Ọdún mẹ́fà kọjá, kò sí oyún. Lóṣooṣù ni Túnráyọ̀ ń ṣa ataare olódidi kan tó kún dáadáa, á fi aṣọ funfun wé e, á fi òwú dúdú dì í, á ní kí ọmọ òun fi sábẹ́ ibùsùn. Mo gbọ́ àdúrà rẹ̀ títí mo fi lè kà á lójú oorun: "Ataare kì í di tirẹ̀ láàbọ̀. Inú rẹ kò ní ṣófo, ilé rẹ kò ní ṣófo." Theophilus kò mọ̀ sí i. Lọ́dún keje, oyún dé. Ọjọ́ tí Túnráyọ̀ gbọ́, ó sunkún títí ikọ́ fi gbé e.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988 ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ọyẹ́ mú débi pé ètè gbogbo wa là. Oyún Ọmọ́bọ́láńlé ti wọ oṣù kẹsàn-án. Láàárọ̀ ọjọ́ Ọjọ́rú kan, ikọ́ Túnráyọ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ka ẹyọ mẹ́fà sọ́wọ́, ó wò ó, ó ní, "Sàídátù, èyí ò lè ká a lónìí," ló bá fi ẹyọ kan kún un. Ojú mi ló ṣe é. Ó dà á sẹ́nu, ó ń rún un, ó na ọwọ́ òsì sókè sí obìnrin kan tó fẹ́ ra èèrù.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọmọ́bọ́láńlé yọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àpò láílọ́ọ̀nù dúdú lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí mi. Ọmọ tí mo ti ń bu edé fún láti kékeré, kò kí mi. Ó dojú kọ ìyá rẹ̀, ó ní, "Màámi, Theophilus ti rí i." Ó ní ọkọ òun ń tún ibùsùn ṣe nítorí ọmọ tó ń bọ̀, ó bá gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, ó kó o lọ bá wòlíì. Ó ní wòlíì ní àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ló dí òun nínú fún ọdún mẹ́fà, àti pé tí òun kò bá fi ọwọ́ ara òun dá a padà fún ẹni tó fún òun, òun kò ní sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀.

Túnráyọ̀ na àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ó ń fi ọwọ́ kejì wá omi lábẹ́ àtẹ, ike omi rẹ̀ ti gbẹ. Èmi náà dìde láti wá omi fún un. Ọmọ́bọ́láńlé mọ ohun tí ọwọ́ náà túmọ̀ sí, inú rẹ̀ ló dàgbà sí. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í jẹ́ kí a mọ ohun tí a mọ̀. Ó ní, "Ẹ kúkú máa nawọ́. Ṣebí ẹ fẹ́ràn ataare jù mí lọ." Ló bá da àpò náà dé sínú gọ́tà iwájú ìsọ̀ wa.

Ataare ọdún mẹ́fà. Gbogbo rẹ̀ pátá nínú aṣọ funfun kékeré-kékeré, ó ń léfòó lórí omi ẹ̀gbin. Àwọn tó ń nájà dúró wò. Ó dùn mí débi pé mo gbàgbé omi tí mo ń lọ bù. Ọwọ́ Túnráyọ̀ rọ wálẹ̀, ó sì la ẹnu.

"Wàá bí i," ó ní. "Ọmọ tí yóò da ẹrù rẹ sí gọ́tà lójú ọjà, wàá bí i."

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìyá ń sọ fún ọmọ tó bá bà wọ́n nínú jẹ́ ni. Ìyá mi sọ ọ́ fún mi, èmi náà ti sọ ọ́ fún Ràfátù ọmọ mi títí ó fi sú òun náà. Ta ló ń ka ìyẹn sí? Ṣùgbọ́n èérún ataare wà létè Túnráyọ̀, gbogbo wa la rí i. Ọmọ́bọ́láńlé náà rí i. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó yí padà, ó ń lọ, kò sáré, kò wẹ̀yìn.

Túnráyọ̀ tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ sọ́wọ́. Ó ti kúnná. Ó bi mí pé, "Sàídátù, mélòó ni mo jẹ?" Àwa méjèèjì la mọ iye rẹ̀. Ó fẹ́ sáré tẹ̀ lé ọmọ náà, èmi ni mo dì í mú, mo ní kó jẹ́ kí inú ọmọ náà rọ̀ ná, tó bá dọ̀la kó lọ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á.

Lọ́jọ́ kejì, bí aago mẹ́wàá àárọ̀, kó tó ṣí aṣọ lórí àtẹ tán, Theophilus dé. Òdì ló wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní láti ìdájí ni Ọmọ́bọ́láńlé ti ń rọbí ní ọsibítù, ọmọ dábùú, kò sọ̀ kalẹ̀, ara ìyá rẹ̀ sì ti ń rọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ọjà. "Màámi, ó ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ẹ dákun, ẹ wá kó ọ̀rọ̀ yín jẹ."

Inú bí mi. Mo ní, "Theophilus, ṣebí ẹ ní ti Sàtánì ni? Ṣebí wòlíì yín ló ní kó lọ dá a padà? Ẹ ní kó wá yanjú rẹ̀."

Ó ní, "Ìyá Ràfátù, tí ìyàwó mi bá yè, mo máa wá, ẹ máa bú mi láti àárọ̀ dalẹ́."

Kíkó ọ̀rọ̀ ataare jẹ ní bí ó ṣe ń lọ, bí ìyá ọkọ Túnráyọ̀ ṣe kọ́ ọ. Ẹni tó sọ ọ́ á fi iyọ̀ sẹ́nu, á tún ọ̀rọ̀ náà sọ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Á ní òun kó o jẹ, á fi omi tútù gbé e mì, ọ̀rọ̀ náà á parẹ́ bí ẹni pé a kò sọ ọ́ rí. Mo sáré ra iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò wa, Túnráyọ̀ so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀. Mo gbé omi sínú ìgò. A ò palẹ̀ ọjà mọ́. Nínú takisí, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó kàn di ìṣẹ́tí ìró náà mú.

Bẹ́ńṣì kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú yàrá tí wọ́n gbé Ọmọ́bọ́láńlé sí, ibẹ̀ ni wọ́n ní ká jókòó sí. Kò pẹ́ ni nọ́ọ̀sì jáde, ó gbé ìwé fún Theophilus, ó ní dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, kó fọwọ́ sí i. Ó gbà á, ó fọwọ́ sí i wàràwàrà. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ ti lọ lára ìyàwó rẹ̀, ká máa gbàdúrà, ó sì wọlé padà. Túnráyọ̀ tú iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́.

Ó ní, "Sàídátù, orí mi ti dàrú. Tún un sọ fún mi, bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an."

Mo ní, "O ní, 'Wàá bí i. Ọmọ tí yóò da ẹrù rẹ sí gọ́tà lójú ọjà, wàá bí i.'"

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo tó gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo wò ó, òun náà ń wò mí. Iyọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu rẹ̀.

Ó ní, "Wàá bí i ni mo sọ?"

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì lo sọ ọ́."

Theophilus ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é kíá, wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Túnráyọ̀ kò wò ó. "Mo fi ataare méje sọ pé yóò bí i. Wọ́n ní ọmọ dábùú, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti lọ. Tí mo bá kó o jẹ báyìí, kí ló kù tó ń jà fún un níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ kó ti gọ́tà nìkan jẹ, kí ẹ fi ti bíbí sílẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, Theophilus. Kò ní oríkèé tí mo lè dá a sí."

Ọkùnrin náà dìde dúró, ohùn rẹ̀ ga. Ó ní èpè ni ìyá ń ṣọ́ báyìí, tí ìyàwó òun bá kú, ìyá náà ni òun yóò dì mú. Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Túnráyọ̀ ní, "Dì mí mú." Ó pa ọwọ́ dé mọ́ iyọ̀ náà, ó gbé e sórí itan, ó sì jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù tí n kò tíì rí irú rẹ̀, nígbà tí èmi fúnra mi ń rọbí pàápàá. Bí àwa obìnrin ọlọ́jà méjì bá ti ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ ńkọ́? Mo tẹ́ ìborùn mi sílẹ̀, mo kírun Àsárì lórí rẹ̀, mo ṣi rákà kà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tí mo padà dé orí bẹ́ńṣì, Túnráyọ̀ ní, "Tí mo bá ṣì í ńkọ́, Sàídátù?" Òógùn ọwọ́ rẹ̀ ti ń yọ́ iyọ̀ náà, ó ń kán sórí ìró. Theophilus bẹ̀rẹ̀ sáàmù kan, ó dé àárín rẹ̀, ó gbàgbé ìyókù. Nọ́ọ̀sì ń wọlé, nọ́ọ̀sì ń jáde, kò sí èyí tó ń wo ojú wa nínú wọn. Túnráyọ̀ gbé ọwọ́ náà sókè lẹ́ẹ̀kan, mo rò pé ó ti fẹ́ fi iyọ̀ náà sẹ́nu. Ó tún gbé e padà sórí itan.

Òòrùn ti ń wọ̀ kí a tó gbọ́ ọ, ohùn ọmọ, ó ń ké kíkankíkan. Theophilus wó lulẹ̀, ó ń dúpẹ́. Mo dì mọ́ Túnráyọ̀, mo ní, "O gbọ́? Ó bí i." Ara rẹ̀ le gbagidi. Kò yọ̀. Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí:

"N kò sọ pé ìyá rẹ̀ á yè."

Bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ ọ́. Kò sí ibì kankan nínú ọ̀rọ̀ náà tí ìyá ọmọ ti yè. A jókòó padà. Àsìkò yẹn, bí ó tilẹ̀ kúrú, ó gùn ju gbogbo ọ̀sán lọ. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì wá jáde, Túnráyọ̀ kò lè béèrè, èmi ni mo béèrè pé ìyá ọmọ ńkọ́. Ó ní wọ́n ń rán ojú abẹ, ẹ̀jẹ̀ ti dá, ó ń mí dáadáa. Ó ní ká lọ sílé, wọn ò ní jẹ́ ká rí i títí di àárọ̀.

Èmi ò mọ̀ bóyá ataare ni tàbí abẹ dókítà. Ẹ má bi mí, àwọn tó gbọ́n jù mí lọ wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n jẹ́ kí a wọlé. Ọmọ́bọ́láńlé dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ ti jìn sínú, obìnrin ni ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Túnráyọ̀ kò dé ìdí ibùsùn kó tó kúnlẹ̀. Ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ, n kò rí i rí. Ó ní, "Ọmọ mi, dárí jì mí. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là."

Ọmọ́bọ́láńlé ní, "Màámi, ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Nígbà tí wọ́n ń gbé mi wọlé, nọ́ọ̀sì ní kí n máa gbàdúrà. N kò rántí ẹyọ kan nínú àdúrà ìjọ wa. Tiyín nìkan ló wà létí mi. Mo ń sọ ọ́ lásọtúnsọ títí oorun fi gbé mi lọ: màámi ní mo máa bí i, ata wà lẹ́nu wọn nígbà tí wọ́n sọ ọ́, mo máa bí i."

Túnráyọ̀ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "N kò kó o jẹ o. Ti gọ́tà yẹn ṣì wà nílẹ̀."

Ọmọ́bọ́láńlé wo ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fa aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, màámi. Lọ́jọ́ tó bá ṣe é fún mi, mo máa mọ bó ṣe dùn yín tó."

Ìgbà náà ni Túnráyọ̀ tó sunkún.